Mo yí sàlẹ́ńsà àti kọ́ńtróòlù ẹsẹ̀ padà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, táyà ẹ̀yìn wá ń há mọ́ mi lójú ọ̀nà

Ẹsẹ̀Gígùn
Ẹ pẹ̀lẹ́ o ẹ̀yin tèmi. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ara mi o. Máṣíìnì mi jẹ́ V-twin 1200 (ẹ́ńjìnì sílíńdà méjì tó ṣe bíi lẹ́tà V), páìpù méjèèjì jáde sápá ọ̀tún. Mo ga gan-an, fútúrẹ́ẹ̀sì àárín tó bá a wá ń jẹ́ kí orúnkún mi yọ sókè bíi ti ẹni tó jókòó sórí àpótí, tí mo bá gùn ún fún wákàtí kan báyìí ìbàdí mi á ti kú. Ni mo bá ra forward controls (fútúrẹ́ẹ̀sì àti pẹ́dà tó jókòó síwájú) àlòkù lọ́wọ́ ẹnì kan kí n lè máa na ẹsẹ̀ síwájú, mo tún ra sàlẹ́ńsà, èyí tí páìpù méjèèjì pàdé tí wọ́n wọ inú ẹyọ kan. Mo ní ṣebí ibì kan náà ni mo máa tú, kí n kúkú ṣe é pọ̀.

Ó wọlé, ó tiẹ̀ rẹwà. Àmọ́ ìgbà tí mo fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì, pẹ́dà sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ báyìí ó lọ kan páìpù gbàá, kò lè lọ mọ́. Mo wá yí rọ́ọ̀dù ẹ̀ kó gùn sí i kí pẹ́dà lè gbéra sókè, ó gbéra díẹ̀ lóòótọ́, mo ní kó tún gbéra sí i, mo yí i sí i. Mo bọ́ sọ́nà. Bíi ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, kò sí wàhálà, lẹ́yìn ìyẹn mo ṣàkíyèsí pé máṣíìnì ò fẹ́ sáré mọ́, ó dà bíi pé ẹnì kan dì mí mú láti ẹ̀yìn, ọ̀rẹ́ mi tó ń bọ̀ lẹ́yìn sáré bá mi ó ní kí ló dé tí iná bíréèkì mi ò kú látàárọ̀. Mo dúró, òórùn jíjó gba gbogbo ibẹ̀, mi ò lè ti máṣíìnì náà rárá. Mo jókòó tì í títí ó fi tutù, ó sì tú ara ẹ̀ sílẹ̀ bíi pé kò ṣe nǹkan kan!

Yàtọ̀ síyẹn, tí mo bá ti jáwọ́ lórí tírótù ó ń yìnbọn, pà-pà-pà, jíà náà ò sì dáa, láti ọ̀kan sí méjì ó máa ń bọ́ sí neutral. Kí ni mo bàjẹ́?

BàbáSípánà
Àbúrò, fi kọ́kọ́rọ́ yẹn pamọ́. Mi ò ṣàwàdà. Ọ̀rọ̀ ìbọn àti jíà lè dúró, èyí tó ń há yẹn ò lè dúró, torí ọjọ́ tó bá há tán pátápátá lórí eré, táyà ẹ̀yìn á lọ́ọ̀kì, ilẹ̀ lo máa bá ara ẹ.

Gbọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Nínú másítà bíréèkì ihò kékeré kan wà, kéré bí ojú abẹ́rẹ́, láàárín ibi tí písítìn wà àti ike tí ọ́ìlì bíréèkì ń gbé. Tóo bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà, písítìn gbọ́dọ̀ padà sẹ́yìn tán pátápátá kí ihò yẹn lè ṣí. Tí ọ́ìlì bá gbóná ó máa ń wú, ibi tó máa gbà padà sínú ike kó má baà ti pádì nìyẹn. Tí rọ́ọ̀dù bá ti gùn jù, ó ti ti písítìn síwájú díẹ̀ kóo tó fẹsẹ̀ kàn án, rọ́bà ẹ̀ ti bo ihò yẹn. Ọ́ìlì wú, kò rọ́nà lọ, ó wá ń ti pádì mọ́ dísìkì. Pádì tún ń ha dísìkì, ó tún ń gbóná sí i, ọ́ìlì tún ń wú sí i. Ìdí nìyẹn tó fi dáa ní ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ tó sì tú ara ẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó tutù. Iná bíréèkì tí kò kú, òun gan-an ló ń sọ fún ẹ, torí suwíìṣì ẹ á jẹ́ irú tó ń gbọ́ agbára ọ́ìlì.

Ohun tí mo rò pé o ṣe nìyí: pẹ́dà yẹn ní ibi tó ń fi ara gbá tó bá gòkè tán. O yí rọ́ọ̀dù, pẹ́dà gòkè, ó dé ibẹ̀, kò lè gòkè mọ́. Gbogbo yíyí tóo tún yí lẹ́yìn ìyẹn, inú písítìn ló lọ. Tí rọ́ọ̀dù bá jẹ́ irú tí ẹnu ẹ̀ kan ń yí sọ́tùn-ún tí ìkejì ń yí sósì, ẹ̀ẹ̀kan tóo bá yí i po, ẹnu méjèèjì ló ń gùn. Lórí M6 (bóòtù mìlímítà mẹ́fà) tó wọ́pọ̀, mìlímítà méjì lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Méjì ti pọ̀ jù fún másítà.

Lọ dán an wò kó dá ẹ lójú. Gbé táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, tẹ bíréèkì léraléra títí á fi fẹ́ há, kó o wá tú nọ́ọ̀tì rọ́ọ̀dù kóo dẹ rọ́ọ̀dù ọ̀hún kúrú. Tí táyà bá yí fàláfàlá lójú ẹsẹ̀, rọ́ọ̀dù ni. Tí kò bá yí, ṣí nípù tó wà lára kálípà (ohun tó di pádì mú lórí dísìkì) díẹ̀. Tí ọ́ìlì bá tú jáde tí táyà sì dẹ̀, agbára ṣì há sínú ọ̀nà ọ́ìlì, inú másítà tàbí inú ọ́ọ̀sì la máa wá nǹkan sí. Tó bá ṣì há lẹ́yìn tó tú jáde, písítìn kálípà tàbí píìnì ẹ̀ ló dì. Padà wá sọ fún wa.

Ẹ̀rọAyọ̀
Ha, bàbá ti fa ọ̀rọ̀ gùn o. Ẹ̀gbọ́n Ẹsẹ̀Gígùn, ti ìbọn yẹn, ẹ má da ara yín láàmú, gbogbo sàlẹ́ńsà tí kò bá ti ní catalytic (ohun tó ń fọ èéfín mọ́) nínú mọ́ ń yìnbọn, ó dùn létí. Ti pẹ́dà tó ń kan páìpù, ẹ mú òòlù kí ẹ lu páìpù wọnú díẹ̀ níbi tó ti ń kàn án, èmi ti ṣe é rí, kò sẹ́ni tó rí i.

ÀǹtíTọ́ọ̀kì
Ẹ̀rọAyọ̀ o ṣeun, ṣùgbọ́n má kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níṣẹ́kíṣẹ́. Òòlù ló fẹ́ fi yanjú bíréèkì.

Ìbọn díẹ̀ lóòótọ́ kì í ṣe àrùn, tó bá jẹ́ pé ìgbà tó o jáwọ́ lórí tírótù nìkan ni tó sì rọra ń dún. Àmọ́ pà-pà-pà gidi lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ so sàlẹ́ńsà, ojú tó ń jò ni kí èèyàn kọ́kọ́ wá. Tóo bá ti tírótù, afẹ́fẹ́ tó ń jáde ò lágbára tó bẹ́ẹ̀ mọ́, láàárín ìgbì kan sí ìkejì ó máa ń fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé níbi tó bá ti lu. Afẹ́fẹ́ tútù yẹn ló ń bá epo tí kò jó tán pàdé nínú páìpù gbígbóná, ni yóò bá bú gbàù.

Ìbéèrè méjì: ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́nu hẹ́ẹ̀dì? Àti pé nọ́ọ̀tì wo lẹ kọ́kọ́ fún, tiwájú lára hẹ́ẹ̀dì ni àbí bóòtù tó gbé sàlẹ́ńsà mọ́ férémù lẹ́yìn?

Ẹsẹ̀Gígùn
Àǹtí, ojú tì mí láti dáhùn. Gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ni mo lò padà, mo wò ó ó ṣì yípo dáadáa. Ẹ̀yìn ni mo sì kọ́kọ́ fún torí ó wúwo, mi ò fẹ́ kó já bọ́.

ÀǹtíTọ́ọ̀kì
Ó tán. Gásíkẹ́ẹ̀tì yẹn irin rírọ̀ ni, wọ́n ṣe é kó lè fọ́ pẹlẹbẹ lẹ́ẹ̀kan péré láti di ojú ibẹ̀. Ó ti fọ́ mọ́ ojú páìpù àtijọ́ tẹ́lẹ̀, páìpù tuntun ò lè rí nǹkan kan fọ́ mọ́. Kó o tó fi tuntun sí i, wo inú ihò hẹ́ẹ̀dì dáadáa pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó lè jẹ́ pé méjì ló wà nínú ẹ̀ lérí ara wọn, ẹni tó tú u ṣáájú á ti rò pé ara hẹ́ẹ̀dì ni.

Ti fífún, bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Fi nọ́ọ̀tì hẹ́ẹ̀dì sí i pẹ̀lú ìka lásán, kó kàn dì í mú kó má já. So ti ẹ̀yìn náà, ìka lásán. Tí ó bá ní kílám̀pù láàárín, fi í sílẹ̀ dẹ̀dẹ̀. Wá di sàlẹ́ńsà mú kí o máa mì í lọ́tùn-ún lósì, lókè nísàlẹ̀, wàá rí i pé ó máa wá ibi tó fẹ́ jókòó sí fúnra ẹ̀. Wò ó bóyá kò kan swingarm (apá tó di táyà ẹ̀yìn mú), kò kan ọ́ọ̀sì bíréèkì, kò kan pẹ́dà. Ìgbà yìí lo máa wá fún nọ́ọ̀tì hẹ́ẹ̀dì, ọ̀kan díẹ̀ ìkejì díẹ̀, kí ojú ẹ̀ lè lọ déédéé, lẹ́yìn náà kílám̀pù, ẹ̀yìn ló kẹ́yìn. Tó bá jẹ́ pé bóòtù ẹ̀yìn àti ihò búrákẹ́ẹ̀tì ò bára mu lẹ́yìn tí iwájú ti jókòó, má fi agbára fà á, wá wáṣà sí àárín wọn. Tóo bá fà á tipátipá, gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá ń gbọ̀n, sítọ́ọ̀dù tó wà lára hẹ́ẹ̀dì ló ń tẹ̀, ọjọ́ kan á já.

Nọ́ńbà torque (bó ṣe yẹ kí nọ́ọ̀tì le tó) tó wà nínú ìwé máṣíìnì ẹ ni kóo tẹ̀lé, má lo ti ẹlòmíì. Tó bá ti gbóná tó sì tutù lẹ́ẹ̀kan, padà wá yẹ̀ ẹ́ wò torí ó máa dẹ̀ díẹ̀.

Láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń jò: nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù, tan án, fi àkísà tó nípọn dí ẹnu sàlẹ́ńsà díẹ̀ kí o wá da omi ọṣẹ sí ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá ti ń hó, ibẹ̀ ni. Má jẹ́ kó pẹ́ o, ọṣẹ á gbẹ, ọwọ́ á jó.

Ẹ̀rọAyọ̀
Àǹtí ẹ má bínú, mo gbà. Àmọ́ wọn ò gbọdọ̀ gbàgbé láti nu páìpù tuntun pẹ̀lú sípíríìtì kí wọ́n tó tan án, torí ibi tí wọ́n bá fọwọ́ ọlọ́ràá kàn, ojú ìka á jó mọ́ ọn títí ayé. Tèmi ní ojú ìka márùn-ún lára di òní.

ÀǹtíTọ́ọ̀kì
Ìyẹn dáa, òun ni òótọ́ àkọ́kọ́ tóo sọ láàárọ̀ yìí 😂

BàbáSípánà
@Ẹsẹ̀Gígùn, ohun tí mo ní kóo dán wò ńkọ́?

Ẹsẹ̀Gígùn
Bàbá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìdí ẹ̀ dìde ni. Mo gbé táyà sókè, mo tẹ bíréèkì títí ẹsẹ̀ fi rọ̀ mí, ó há bí ẹ ṣe wí. Mo fi ọwọ́ yí i, kò yí. Mo wá tú nọ́ọ̀tì, mo yí rọ́ọ̀dù padà ní ìlàjì yíyí, kò sí nǹkan kan, mo tún yí ìlàjì míì, mo gbọ́ kẹ́ nínú másítà, bí ìgbà tí èèyàn bá mí kanlẹ̀, mo fọwọ́ ti táyà, ó ń yí lọ láìdúró! Iná bíréèkì sì kú. Mo rẹ́rìn-ín nìkan nínú gáráàjì bí wèrè.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé báyìí pẹ́dà ti sọ̀kalẹ̀, ó tún ń kan páìpù.

BàbáSípánà
Ó dáa, a ti mọ̀ ọ́n. Kó o máa yí rọ́ọ̀dù padà títí tó o bá fọwọ́ mì í, wàá gbọ́ pé ó ń ṣeré díẹ̀ kó tó kan písítìn, ó máa ń tó bíi mìlímítà kan, ṣùgbọ́n ìwé máṣíìnì ẹ lọ̀gá níbẹ̀. Lẹ́yìn náà fún nọ́ọ̀tì ìhà méjèèjì padà, torí rọ́ọ̀dù tí wọn ò fún nọ́ọ̀tì ẹ̀ á máa fúnra ẹ̀ yí.

Má sì ṣe gùn ún báyìí pẹ̀lú ọ́ìlì àtijọ́ yẹn o. DOT 4 (irú ọ́ìlì bíréèkì kan) tuntun ò gbọdọ̀ hó títí di 230°C, àmọ́ tó bá ti fa omi ọ̀rinrin mọ́ra ó lè sọ̀kalẹ̀ dé 155°C, ẹ sì ti dáná sun ún lọ́jọ́ yẹn. Tú gbogbo ẹ̀ dànù, fi tuntun sí i, kó o fa afẹ́fẹ́ jáde nínú ẹ̀ dáadáa. Yọ pádì wò. Tí ojú ẹ̀ bá ń dán bíi gíláàsì, pààrọ̀ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni tó bá ti là. Wo dísìkì bóyá ó ti di àwọ̀ búlúù, fi ìka yí táyà bóyá ó ń yí gbọ́ngbọ́n gbọ́ngbọ́n.

GíríìsìLọ́wọ́
Mo ń ka gbogbo ẹ̀ bọ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ti jíà. Jẹ́ n gbà á.

Láti ọ̀kan sí méjì tó ń bọ́ sí neutral lẹ́yìn tí wọ́n gbé fútúrẹ́ẹ̀sì síwájú, ẹgbẹ̀rún nǹkan lè fà á àmọ́ mẹ́ta ni mo máa ń rí. Èkíní, pẹ́dà jíà wà nísàlẹ̀ jù tàbí lókè jù fún ẹsẹ̀ ẹ, tí ọrùn ẹsẹ̀ ẹ ò lè gbé e dé òpin. Jókòó sórí ẹ̀ pẹ̀lú bàtà tóo máa ń wọ̀, kì í ṣe pẹ̀lú sálúbàtà, kí o na ẹsẹ̀ bó o ṣe máa ń nà á, pẹ́dà gbọ́dọ̀ wà níbi tí àtàǹpàkò á wọ abẹ́ ẹ̀ láìjẹ́ pé o tẹ orúnkún sókè. Èkejì, rọ́ọ̀dù gígùn tó lọ sẹ́yìn gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe igun 90 pẹ̀lú apá tó wà lára ọ̀pá jíà nígbà tí ẹsẹ̀ bá kúrò lórí ẹ̀. Tóo bá kan fi ibi tó bọ́ sí sí i, tí igun ẹ̀ lọ sí 60 tàbí 120, ìhà kan á máa ní agbára jù, ìhà kejì á máa kúrú, ó wá ń rìn dáadáa tó bá ń sọ̀kalẹ̀ àmọ́ tó bá ń gòkè kò ní dé. Ọ̀pá jíà ní eyín kéékèèké lára, tú apá ẹ̀ kóo sún un eyín kan tàbí méjì, kó o wá fi rọ́ọ̀dù ṣe àtúnṣe kékeré. Má gbàgbé láti fi pẹ́ǹsùlù sàmì sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀ kóo tó tú u.

Ẹ̀kẹta, o ní àlòkù ni. Di ẹnu bọ́ọ̀lù tó wà lórí rọ́ọ̀dù mú kó o mì í. Tó bá ń lọ tó ń bọ̀, gbogbo ibi tó bá ti jẹ díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ ti rìn ìlàjì ọ̀nà kí jíà tó gbọ́.

Ẹsẹ̀Gígùn
Ó ń mì! Ẹnu méjèèjì. Mo rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn 😭

GíríìsìLọ́wọ́
Pààrọ̀ wọn. Rántí pé ọ̀kan yí sósì o, má lọ fi agbára yí i sọ́tùn-ún kó o ba ojú ẹ̀ jẹ́.

Ẹlẹ́ẹ̀rọÀtijọ́
Ẹ̀yin tó ń ṣe jíà lápá òsì, ẹ ń gbádùn. Tèmi ọmọ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni, jíà wà lápá ọ̀tún, bíréèkì wà lápá òsì. Ọ̀pọ̀ Triumph àti BSA ìgbà yẹn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wá, kí Amẹ́ríkà tó ṣòfin pé kí jíà wà lósì kí bíréèkì wà lọ́tùn-ún, tí òfin yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ lára àwọn ti 1975. Ọjọ́ tí mo bá gun máṣíìnì ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ tuntun, nígbà tí nǹkan bá dé lójijì, ẹsẹ̀ òsì mi ló máa ń sáré tẹ nǹkan, ó sì máa ń jẹ́ jíà ni mo tẹ̀. Bíréèkì ìyẹn ò sí lábẹ́ ẹsẹ̀ tí mo gbójú lé rárá.

Kò bá ọ̀rọ̀ yín mu púpọ̀, mo kàn ní kí n sọ ọ́.

ÀǹtíTọ́ọ̀kì
Bàbá ẹ ṣeun, ó bá a mu, torí mo ti rí ẹni tó ra kọ́ńtróòlù tó jẹ́ kí jíà yí padà, kí ọ̀kan wà lókè kí ìyókù wà nísàlẹ̀, bí àwọn tó ń sáré ní pápá ṣe ń lò ó. Ó lò ó ọ̀sẹ̀ kan, ó yá máṣíìnì fún àbúrò ẹ̀, ìyẹn fẹ́ gba ìkẹta lọ sí ìkẹrin, ó fẹsẹ̀ gbé e sókè bó ṣe mọ̀ ọ́n, ó bọ́ sí ìkejì lórí eré. Táyà ẹ̀yìn dún kíì. Ọlọ́run yọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n Ẹsẹ̀Gígùn, kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì hẹ́ẹ̀dì láti pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ tèmi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo tú u, mo fi sípánà gígùn fà á, mo gbọ́ nǹkan kan tó rọ̀ bí bọ́tà, mo ní ó ti tú. Kò tú o, sítọ́ọ̀dù ló já, ó já bíi kárọ́ọ̀tì, ó ku mìlímítà mẹ́ta níta. Mo jókòó sílẹ̀ mo ń wò ó. Ẹ fi òróró tó ń wọnú ìpàta sí i lálẹ́, kí ẹ tún fi sí i láàárọ̀. Kí ẹ tan ẹ́ńjìnì títí á fi gbóná díẹ̀, kí ẹ pa á. Kí ẹ tó tú u, ẹ kọ́kọ́ fún un díẹ̀ sí i, bíi ìwọ̀n tí ìpàta á fi kéékèèké dún, kí ẹ tó wá tú u. Tó bá tún le, ẹ dá a padà, ẹ tún tú u, títí á fi jáde. Tẹ́ẹ bá ń dá a padà sí i, ẹ fi anti-seize (gíríìsì tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì dì) kékeré kan sí ojú sítọ́ọ̀dù, ẹni tó bá tún tú u lọ́jọ́ iwájú á máa gbàdúrà fún yín.

Ẹ̀rọAyọ̀
Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ yọ baffle (ohun tó ń dín ariwo kù) tó wà nínú sàlẹ́ńsà kúrò ni àbí ó wà níbẹ̀?

Ẹsẹ̀Gígùn
Mo yọ ọ́. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n yọ ọ́ kó lè sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rọAyọ̀
Èmi fúnra mi ni mo máa sọ pé kí ẹ dá a padà, ẹ̀rọ ayọ̀ ni mo jẹ́ ṣùgbọ́n etí mi ti ń dún lálẹ́. Ìpele ohùn yẹn, tó bá fi 10 dB gbéra, etí èèyàn á gbọ́ ọ bíi pé ó di ìlọ́po méjì, nítorí náà bó ṣe jọ pé ìwọ̀nba ni wọ́n fi kún un, kì í ṣe ìwọ̀nba. Ní Amẹ́ríkà wọ́n ti fi 80 dB ṣe òpin fún máṣíìnì ojú títì láti 1986, àwọn ará Yúróòpù náà ní tiwọn. Tí ibi tí ẹ wà bá ní òfin, ẹ kà á kí ọlọ́pàá tó kà á fún yín. Ibi tí mo wà wọ́n máa ń wo àmì tó wà lára sàlẹ́ńsà.

Tí epo ẹ bá jẹ́ kábúrétọ̀, ẹ wo plọ́ọ̀gì lẹ́yìn tí ẹ bá ti dí ibi tó ń jò tán, torí sàlẹ́ńsà tó bá ṣí sílẹ̀ gan-an lè jẹ́ kí afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. Tí plọ́ọ̀gì bá funfun jù, main jet (ihò tí epo ń gbà nínú kábúrétọ̀) ló fẹ́ tóbi sí i. Tó bá sì jẹ́ injection (tí kọ̀ǹpútà ń fọ́n epo), sensọ̀ O2 (ohun tó ń wọn ọ́síjìn inú èéfín) tó wà lára páìpù, ẹ fi tiyín padà síbẹ̀. Tí páìpù tuntun ò bá ní ihò ẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ ń sọ.

Ẹsẹ̀Gígùn
Ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tí mo ti kọ̀wé gbẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ n sọ ibi tí a dé.

Ọ́ìlì ti yí, pádì ti yí, ojú ẹ̀ ń dán bíi dígí lóòótọ́ bí bàbá ṣe wí. Ẹnu bọ́ọ̀lù jíà tuntun ti wà níbẹ̀, mo sún apá ẹ̀ eyín kan, ó ti ń wọ ìkejì kọ́. GíríìsìLọ́wọ́, ìwọ ti là mí. Sítọ́ọ̀dù mẹ́rin jáde láìjá, mo fi ọjọ́ méjì bọ́ wọn lóróró. Mo rí gásíkẹ́ẹ̀tì méjì nínú ihò kan lóòótọ́!! Baffle ti padà, ìbọn ti dẹ̀ kù díẹ̀ péré.

Ṣùgbọ́n pẹ́dà àti páìpù. Mo ṣe bí àǹtí ṣe ní kí n ṣe, mo mì í títí ó fi jókòó. Tí mo bá tẹ bíréèkì, ó ku bíi ìbú ìka kan kó dé ìsàlẹ̀, ó kan páìpù. Ṣé mo lè fi iná gbóná pẹ́dà kí n tẹ̀ ẹ́ síta díẹ̀?

BàbáSípánà
Rárá o! Pẹ́dà yẹn á jẹ́ aluminiọ́mù tí wọ́n dà sínú móòdù. Kì í tẹ̀, ó máa ń là nínú, ojú ò ní rí i, ọjọ́ tó o bá fi gbogbo ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì ló máa já. Má lu páìpù náà. Pẹ́dà tó ń kan páìpù túmọ̀ sí pé ìgbà tí pádì bá jẹ díẹ̀ tàbí tí afẹ́fẹ́ kékeré bá wọ inú ọ́ìlì, tí pẹ́dà bá nílò láti lọ jìnnà sí i, páìpù á dá a dúró, bíréèkì ẹ̀yìn ò sí nìyẹn.

Wá ìwé kékeré tó bá sàlẹ́ńsà yẹn wá. Kà á fún wa.

Ẹsẹ̀Gígùn
Ó wà ní ìsàlẹ̀ páálí. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ àfi ìlà kan tó wà lẹ́yìn, lẹ́tà kékeré. Ó ní sàlẹ́ńsà náà wà fún kọ́ńtróòlù àárín nìkan.

ÀǹtíTọ́ọ̀kì
😂😂😂 ẹ má bínú ẹ̀gbọ́n, mi ò fi yín ṣẹ̀sín.

Kókó ibẹ̀ nìyẹn, páìpù lápá ọ̀tún àti pẹ́dà bíréèkì lápá ọ̀tún ń jà sí ibì kan náà ni. Wọ́n tẹ páìpù yẹn gba ibi tí ẹsẹ̀ ẹni tó bá na ẹsẹ̀ síwájú máa wà. Wáṣà ò lè gbé e kúrò níbẹ̀ láìṣe pé ẹ ń fa hẹ́ẹ̀dì. Ọ̀kan nínú méjèèjì ló máa kúrò.

GíríìsìLọ́wọ́
Ká ní èmi ni, páìpù ló máa lọ. Ìdí tó fi ra kọ́ńtróòlù ni ìbàdí, ìdí tó fi ra páìpù ni ojú.

Ẹsẹ̀Gígùn
Mo ti tú u lálẹ́ àná. Páìpù àtijọ́ ti padà sórí ẹ̀ pẹ̀lú gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, ọ̀kọ̀ọ̀kan péré nínú ihò kọ̀ọ̀kan, mo kà á ní ẹ̀ẹ̀mejì. Páìpù yẹn lọ sísàlẹ̀ gan-an, pẹ́dà rìn dé òpin, ọwọ́ mi tún wọ àárín wọn. Mo gùn ún fún wákàtí kan ààbọ̀ láàárọ̀ yìí. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá dúró mo ń fọwọ́ sún mọ́ dísìkì, ó lọ́ wọ́ọ́wọ́ lásán. Ọ̀rẹ́ mi wà lẹ́yìn, ó ní iná bíréèkì ń tàn ó ń kú. Orúnkún mi wà níbi tí orúnkún èèyàn ń gbé.

Ó dákẹ́ o. Ó dákẹ́ jù. Sàlẹ́ńsà tuntun yẹn wà lórí tábìlì níwájú mi mo ń wò ó.

Ẹ̀rọAyọ̀
Ẹ̀gbọ́n, kọ́ńtróòlù àárín ni tèmi o. V-twin 1200 náà ni. Mo kàn ń sọ.

Ẹsẹ̀Gígùn
Kọ́kọ́ lọ ka ìwé ti máṣíìnì ẹ, kó o wá bá mi ní inbox. Ojú ìka mi ò sí lára ẹ̀, mo fi sípíríìtì nù ún.